Ìka Tí Dókítà Nà

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ti Màmá Aláriwo ni ká kọ́kọ́ sọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú òun sọ ọ́: òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọọmọ rẹ̀ jáde kúrò lọ́dọ̀ dókítà ojú. Ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ni ọmọbìnrin náà fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, wọn kì í sì í gba èèyàn síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáá. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú kẹ́mísírì, bàólójì, ìṣirò àti físíìsì. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ fi oṣù mẹ́ta jókòó ti dókítà ojú kan, kó máa wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Físíìsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ti yege nínú àwọn yòókù tipẹ́ kí èyí tó gbà fún un, lọ́jọ́ tó sì gbà, Màmá jó yí ilé ká títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ayọ̀ kì í wọṣọ.

Dókítà obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ojú gba ọmọ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí Màmá fi yọjú sí wọn. Ó ní kí wọ́n kúkú bá òun wo tòun náà, níwọ̀n ìgbà tí ojú ti di òwò ìdílé.

Dókítà ní kó tẹjú mọ́ imú òun. Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìka mélòó nìyí, Màmá?"

"Ìka wo? Mi ò rí nǹkan kan."

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bákan náà ló rí. Dókítà bá rọra sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń kú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, pé àìsàn náà kì í dunni, jígí kò sì lè wò ó. Oògùn ni yóò máa kán sójú, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Màmá fò dìde. "Èmi! Èmi tí mò ń rí èèrà lórí ògiri! Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo jọ lójú ẹ, tí o fi ń kọ́ mi ní ení, èjì? Ọmọ mi, gbé báàgì ẹ, ó yá!"

Bó ṣe fi ìbínú yí padà, ó fi ìdí gbá tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo férémù jígí tó wà lórí tábìlì náà dà sílẹ̀ wàràwàrà. "Ìdí yìí ló tóbi," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Ọ̀dọ̀ Oníjígí ni wọ́n gbà lọ, ọkùnrin tó ń gé jígí ojú ní òpópónà kejì. Ó wọ ẹ̀wù funfun, ó lẹ lẹ́tà ńlá àti kékeré mọ́ ògiri. Ó ní ojú Màmá dá ṣáká, jígí ìkàwé lásán ló kù ú kù. Ó wá fi férémù pupa kan sí i lójú, ó ní ìyàwó ọ̀ṣìngín nìyí. Àfi bíi pé wọ́n fi oyin ra Màmá létí.

"Dókítà gidi nìyí! Ọmọ mi, ibí lo máa jókòó sí."

"Màmá, wọn kì í ṣe..."

"Wọn kì í ṣe kí ni? Ojú kọ́ ni àwọn méjèèjì ń wò?"

Oníjígí ní kí ọmọ náà má ṣèyọnu, yunifásítì á gba oṣù mẹ́ta tó bá lò lọ́dọ̀ òun. Ọmọ náà dákẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni Màmá ti ń tọ́ ọ, kò sì mọ bí a ti í já irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní koro. Oṣù mẹ́ta ló fi ń gbá ìyẹ̀fun jígí, tó ń lọ etí jígí lórí ẹ̀rọ.

Nígbà tí àsìkò tó, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbani wọlé. Akọ̀wé ibẹ̀ béèrè ẹni tí ọmọ náà jókòó tì. Ó sọ ọ́.

"Agéjígí nìyẹn," ni akọ̀wé wí. "Dókítà ojú la béèrè. Èyí kò wọlé."

"Ọmọ mi, ó ń wọ ẹ̀wù funfun o!"

"Màmá, alásè náà ń wọ̀ ọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó sì di etí tábìlì akọ̀wé mú. "Lọ́la a ó lọ bẹ dókítà yẹn. Èmi fúnra mi á kúnlẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ yìí la ń ti ìlẹ̀kùn. Oṣù mẹ́ta kò lè wọnú ọ̀sẹ̀ kan."

"Tó bá wá lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Akọ̀wé wo ojú ọmọ náà kó tó fèsì. "Èsì tó bá ti gbó, a kì í lò ó. Físíìsì rẹ nìkan ni yóò kù nígbà náà. Àwọn yòókù, àfi kó o tún wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Màmá forí sọ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó bú ọkọ̀ náà, ó bú ẹni tó ni ín. Ó ṣẹ́jú wo ọmọ náà bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sínú páálí, ìwé físíìsì ló kọ́kọ́ kó. Màmá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá, òun ló sì ju òkò yìí tagbáratagbára.

"Bú mi," ló wí. "Mo tóbi tó ẹni tí à ń bú. Pè mí ní àgbà òfìfo, kí ara lè fúyẹ́ fún ẹ."

"Mo yẹ kí n ti sọ̀rọ̀, Màmá. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Mi ò tún lágbára àtibẹ̀rẹ̀."

Ó di páálí náà, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà ló fa àpótí ìjókòó kan, ó jókòó ní iwájú Màmá, orúnkún kan orúnkún, ó sì yọ férémù pupa náà lójú rẹ̀.

"Ẹ wo imú mi."

Màmá wò ó. Imú tí òun fi ẹnu ara òun fa ikun rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí òun tu ikun ọ̀hún dànù, tí òun tún fà á. Imú náà hàn kedere. Ògiri kò sí, fèrèsé kò sí, apá ọmọ náà kò sí. Ìró aṣọ nìkan ló gbọ́, bí ẹni pé ẹnì kan na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìka mélòó ni mo nà, Màmá?"