Àdúà Kí Bàálù Tó Gbéra

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ ti Hàjàrá kò tilẹ̀ tíì pé oṣù méjì. Inú iyàrá tó ti ń ṣe opó ọkọ rẹ̀ ní Ìlódè, nílùú Ifẹ̀, ni òtítọ́ ká a mọ́, níbi tí kò ti lè sá jáde.

Fàrídà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, àti ọkọ tirẹ̀ ń gbé ní erékùṣù kékeré kan lápá òkè Scotland. Oyún Fàrídà ti wọ oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn àgbà ilé ní wọn kì í túfọ̀ fún aláboyún, kí wọ́n pa á mọ́ títí yóò fi bímọ. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti pè, Bàbá ti lọ sóko, tàbí Bàbá ń sùn. Bàbá tí kì í fojú kan oorun ọ̀sán nígbà ayé rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, fóònù dún.

"Màámi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru," ni Fàrídà wí. "Erékùṣù kejì, níbi tí ọsibítù ńlá wà, ni kí n ti lọ bímọ. Bàálù ti balẹ̀. Ìjì ń bọ̀; bí èyí bá fi lọ, òmíràn ò lè wá lọ́sẹ̀ yìí mọ́."

"Báwo ló ṣe jìnnà tó?"

"Kò ju Ifẹ̀ sí Ẹdúnàbọ̀n lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lókè."

"Ṣé kò sí mọ́tò tó ń na ibẹ̀ ni?"

"Òkun ni gbogbo rẹ̀, Màámi." Fàrídà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. "Ẹ gbé fóònù fún Bàbá kí wọ́n ṣàdúà fún mi. Ẹ mọ̀ pé mi ò wọ bàálù rí láìgbàdúà wọn. Mi ò ní wọ èyí náà."

Ẹ̀rù ba Hàjàrá gidi. Bí ó bá ní Bàbá wà lóko, ọmọ kò ní gbéra. Bí ó bá sọ òótọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ti ń ru tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí ibi tí yóò gbà.

Abdulwaheed, àbúrò olóògbé, tí Fàrídà ń pè ní Bàbá Kékeré, wá kí i lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì í, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí máa ń ṣì wọ́n mú. Ó nawọ́ sí fóònù. Hàjàrá kórìíra ohun tó fẹ́ ṣe, síbẹ̀ ó gbé fóònù fún un.

Abdulwaheed ṣàdúà ìrìnàjò, ó ní wọn ó gbóhùn ìyá, wọn ó gbóhùn ọmọ. Ìgbà tó fọwọ́ rajú ni Hàjàrá tó rántí pé ọkọ òun kì í parí àdúà fún ọmọ yìí láìpe oríkì rẹ̀, Àwẹ̀ró. Ó la ẹnu, kò lè sọ̀rọ̀, kí Fàrídà má baà gbọ́.

"Àmín," ni Fàrídà wí. "Ẹ ṣeun, Bàbá Kékeré. Ẹ gbé e fún Màámi."

Hàjàrá gbà á, ó fi í sétí.

"Màámi, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ẹ ò jẹ́ kí n rí ojú yín lórí fóònù mọ́. Mo ń dúró kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ náà wọ bàálù lónìí. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá."

Gbogbo Ìlódè ló ti kí Hàjàrá bẹ́ẹ̀. Èyí ló pa á lẹ́kún.

"Àwẹ̀ró," ló wí nínú omijé. "Máa lọ. Wọ bàálù."