Ta Ló Ya Èbúté Wa?

Bí òjò bá ṣú, àwọn ará Èjìnrìn á sáré kó aṣọ wọlé. Ní ti Fàlílátù, yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tó rán òjò náà níṣẹ́. Bí obìnrin náà ṣe rí nìyẹn, ìfura ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó ti ìdí ààrò ẹja bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó bá Toyyibah ọmọ ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi pẹ́ńsù kun bébà ńlá kan lórí bẹ́ǹṣì, kò tilẹ̀ dáhùn ìkíni ọmọ náà. Àwòrán náà ló ń wò.

Èbúté wọn ni, èbúté tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ààrò mẹ́ta wà níbí, ààrò mẹ́ta wà lọ́hùn-ún, igi àgbọn tó tẹ̀ sórí ọ̀sà wà níbẹ̀, ọgbà ọparun tó pín ilẹ̀ náà sí méjì sì dúró gbọnin láàárín.

"Ta ló ní kó o ya èyí?"

"Àǹtí Wùnmí ni, Màmá. Wọ́n ní ká ya ìjà kan tá a mọ̀ ládùúgbò wa. Wọ́n máa kó gbogbo ẹ̀ lọ sí Ìkòròdú, wọ́n máa fi tẹ ìwé."

"Ìwọ tí mo ní kó o máa ṣọ́ ọgbà yìí lẹ́yìn mi, ìwọ náà lo wá ń yà á fún àjèjì?"

Ẹ má tíì bá a wí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Fàlílátù ní ọ̀rẹ́ kan ní Agbówà tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn kan wá sóko rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń ka igi. Wọ́n ya ilẹ̀ sórí bébà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún fún àwọn ọmọdé ní bisikíìtì. Kó tó di àmọ́dún, fẹ́ńsì ti yí oko náà ká, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe fún títà. Láti ìgbà náà, bí Fàlílátù bá rí ẹni tó mú bébà dání létí omi, àyà rẹ̀ a là gààrà.

Tíṣà tí wọ́n ń pè ní Wùnmí yìí, ọmọ Ọ̀ṣun ni, ó ń gbé ilé àyágbé ní Agric ní Ìkòròdú. Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ló máa ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ Èjìnrìn pẹ̀lú àpò ìwé alàwòrán. Ìwé tó fẹ́ràn jù ni ti àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ń fa bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Bó bá ṣí ojú ewé kan, yóò pa ìwé dé, yóò bi àwọn ọmọ pé, "Kí ni wọ́n lè ṣe báyìí tí ìjà ò fi ní í dé?" Fàlílátù ti kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ fọgbọ́n kó àwọn ọmọ Mùsùlùmí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó dúró lẹ́yìn fèrèsé ní Ọjọ́rú méjì, ó fetí sílẹ̀, kò gbọ́ orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn gan-an ló wá kó o lọ́kàn sókè. Bí kì í bá ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti kí ni?

Ó rí ìdáhùn ní Ọjọ́rú kẹta, tàbí ká ní ó rò pé òun rí i. Ó yọjú lára ọgbà, ó rí tíṣà náà tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà Kúlúsúmù, bébà lórí itan, tí Kúlúsúmù ń nawọ́ sí igi àgbọn, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ̀gbọ́n Fàlílátù ni Kúlúsúmù, ọmú kan náà làwọn méjèèjì mu. Nígbà tí ìyá wọn fẹ́ kú, ó ní kí wọ́n jọ máa lo èbúté náà. Ọdún kan kò pé tí Fàlílátù fi ní Kúlúsúmù ń sún ààrò rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lọ ri ọparun mọ́lẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà wá, wọn kì í kí ara wọn. Bí Iléyá bá dé, ẹran a máa dé ọ̀dọ̀ àwọn àlejò tó yá ilé ní òpópónà, kì í kọjá ọgbà yẹn. Fàlílátù sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ta ilẹ̀ náà mọ́ òun lórí, kò síbòmíràn tóun ti lè yan ẹja mọ́, kò sì sí ohun tóun máa fi sílẹ̀ fún Toyyibah.

Lálẹ́ Ọjọ́rú náà, lẹ́yìn tí tíṣà ti kó àwòrán wọn lọ, ó pe Toyyibah, ó na ọ̀rá tí tíṣà fi kó ìwé fún wọn sí i. "Ka ohun tí wọ́n kọ síbí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń kọ́ ẹ níwèé lóòótọ́." Ọmọ náà kà á ketekete: ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Mojúbàolú, ibùdókọ̀ Agric, Ìkòròdú.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún gbogbo ilé pé òun ń gbé ẹja lọ sọ́jà Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú ló wọkọ̀ lọ.

Wùnmí wà ní ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tó wọlé. Ó kúnlẹ̀. "Màmá Toyyibah, ẹ káàárọ̀ ma. Ṣé kò sí o?"

"Má kí mi! Ta lẹ fẹ́ ta èbúté wa fún, ìwọ àti Kúlúsúmù?"

Mojúbàolú tó ń tẹ̀wé yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ìwé ọmọdé là ń tẹ̀ níbí o, a kì í tẹ ìwé ilẹ̀."

"Ohun tí àwọn ti Agbówà náà sọ nìyẹn."

Wùnmí ṣí àpò rẹ̀. Ó kó àwòrán náà sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan. Toyyibah nìkan kọ́ ló yà á, òun àti Ameerah ọmọ ọmọ Kúlúsúmù ni. Fàlílátù rí ìyá rẹ̀ láàárín ààrò mẹ́fà. Ó rí ara rẹ̀ tó ń ri ọparun, wọ́n ya ẹnu rẹ̀ gbàgà-gbàgà, inú sì bí i. Lójú ewé tó tẹ̀ lé e, Kúlúsúmù dúró nídìí ọgbà, ó gbé abọ́ ẹran dání. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kẹ̀yìn sí ọgbà, ó ń gbé abọ́ náà padà lọ.

"Irọ́ lèyí. Kò gbé ẹran kankan wá rí."

"Ameerah ló yà á, ma. Ó ní gbogbo Iléyá ni wọ́n máa ń gbé e dé ìdí ọgbà, wọ́n á dúró, wọ́n á sì padà. Èmi náà lọ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè. Wọ́n ní òótọ́ ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń fi igi àgbọn tẹ́yin méjèèjì máa ń fò sómi láti orí ẹ̀ ní kékeré hàn mí. Mo fẹ́ wá bá ẹ̀yin náà, wọ́n ní ẹ máa lé mi."

Fàlílátù ì bá lé e lóòótọ́. Ó tún àwòrán abọ́ ẹran náà wò.

Wùnmí ò tètè fẹ́ mú èyí tó gbẹ̀yìn jáde. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, kò sí arúgbó kankan nínú rẹ̀. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ méjì ló wà lábẹ́ igi àgbọn. Ọgbà ọparun ṣì wà níbẹ̀, ó ti ga sí i. Àwọn obìnrin méjì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kìíní-kejì rẹ̀, wọ́n na àjẹ̀ ọkọ̀ sókè síra wọn. Wọ́n kọ Toyyibah sórí ọ̀kan, wọ́n kọ Ameerah sórí èkejì.

"Mo ní kí wọ́n ya bí ìjà náà ṣe máa parí," ni Wùnmí wí. "Inú ẹnikẹ́ni ò bà jẹ́ nígbà tí wọ́n ń yà á, ma. Wọ́n jọ jókòó ni, wọ́n ń yá ara wọn ní pẹ́ńsù. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Toyyibah ní, 'Bó ṣe máa rí nìyẹn, Àǹtí. Tí Màmá bá ti kú, èmi ni mo máa ṣọ́ ọgbà.'"

Ọ̀rọ̀ náà gún Fàlílátù lọ́kàn. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Ó ti ń wá ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kò mọ̀ pé ìjà ni òun ti fi ṣe ogún fún un. Ó fi ìbòrí nu ojú, ó purọ́ pé èéfín ló ń yọ òun lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò sí ààrò kankan ní Agric.

"Ẹ má tíì tẹ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn."

"Ọ̀la la fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Màmá," ni Mojúbàolú wí.

"Mo ní ẹ má tẹ̀ ẹ́! Ẹ dúró dè mí di Ọjọ́rú."

Bó ti jáde, ó ra búrẹ́dì méjì, torí ẹni tó bá rìnrìn àjò kì í padà wálé lọ́wọ́ òfo. Láti ọdún mẹ́fà wá, ẹyọ kan ló máa ń rà.

Nígbà tó dé Èjìnrìn, kò ya ilé. Ó gba ojú títì yí ọgbà náà ká, ó wọ àgbàlá Kúlúsúmù. Ameerah ló kọ́kọ́ rí i, ẹja tó mú dání bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi."

Kúlúsúmù wo búrẹ́dì náà. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀. Ó tún yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Kí lo fi sínú ẹ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fàlílátù, ẹkún náà sì fẹ́ bọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lóòótọ́. Ó bu búrẹ́dì náà lápá kan, ó jù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì lanu kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ameerah ti sáré lọ sídìí ọgbà, ó ń pariwo pé kí Toyyibah mú bébà àti pẹ́ńsù wá kíákíá.

Kúlúsúmù ṣì ń wo àbúrò rẹ̀, ó ń dúró wò ó bóyá yóò ṣubú. Nígbà tí kò ṣubú, ó na ọwọ́ tó kún fún eérú.

"Ibi tó o ti jẹ yẹn gan-an ni kó o ti bù fún mi."