Ilẹ̀kùn Tó Wà Láyà Gàgàrà

Gàgàrà la ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ tí iléeṣẹ́ ológun fún un kún fún nọ́ńbà, kò sì sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ àfi àwọn tó ń buwọ́ lùwé. Èèyàn irin ni. Bí ó bá nàró, èjìká rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, bẹ́ẹ̀ òrùlé ṣọ́ọ̀bù wa ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ọmọ mi obìnrin, ẹnjiníà, ló yà á sórí ìwé. Èmi ni olórí àwọn wẹ́dà tó fi iná jó irin rẹ̀ pọ̀.

Ẹsẹ̀ la kọ́kọ́ ṣe. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá ológun wá wò ó, a ti òróró sínú àwọn páìpù, ẹsẹ̀ náà gbéra díẹ̀, orúnkún sì yẹ̀. Gàgàrà wó kúnlẹ̀ gbì níwájú gbogbo àlejò. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń wa kiréènì ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ọkùnrin yìí sanra débi pé ẹ̀gbẹ́ ló ń fi wọ ilé kiréènì, ìdí nìyẹn tí a fi fún un lórúkọ náà.

"Ó ń kí yín ni," ó wí fún àwọn àlejò. "Ẹ dá a lóhùn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ jókòó ti orúnkún náà, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. Nígbà tó padà dé pẹ̀lú àwòrán tuntun, ó ti yí orúnkún sẹ́yìn bíi ti adìyẹ. Láti ìgbà náà ni Gàgàrà ti ń rìn.

Orí ńkọ́? Kò ní. Ọ̀gá tó ń bójú tó ohun ìjà, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Ìbọn, fẹ́ kí ó ní orí pẹ̀lú iná pupa méjì, kí ẹ̀rù lè máa ba ọ̀tá. Ọmọ mi ní, "Ọ̀gá, orí tí kò bá ní ọpọlọ, ẹrù ni, ẹrù sì ń wúwo." Ó kó àwọn kámẹ́rà sí àyà, ó parí.

Ohun ìjà ò wọ́n lára rẹ̀. Apá ọ̀tún jẹ́ ìbọn láti ìgúnpá dé òpin, ìkúùkù mi méjèèjì lè wọ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Àpótí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn èjìká. Apá òsì ní ìka mẹ́ta tó lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù sókè kó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìfọ́ gíláàsì rẹ̀. Láàárín àyà ni àga ẹni tí yóò máa wà á wà, ilẹ̀kùn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Ọ̀pá irin gígùn kan ló ń ṣí ilẹ̀kùn yìí láti inú, kò ní wáyà kankan. Ọmọ mi ní iná lè lọ, kọ̀ǹpútà lè kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ mú ọmọ mi. Kò pẹ́. A sin ín. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn ò pè mí ní Bàbá Ẹnjiníà mọ́. Bàbá Wẹ́dà ni wọ́n ń pè mí. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é, àánú ọ̀hún sì ń ta mí lára. Mo pe gbogbo wọn jọ.

"Ta ló sọ fún yín pé mi ò bímọ?"

Wọ́n padà sí Bàbá Ẹnjiníà.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, mo bá a níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá jó nǹkan ló ń dúró ti ewu rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń dán an wò. Ẹni tó jó ẹsẹ̀ á dúró ní ìdí ẹsẹ̀. Ẹni tó jó apá á dúró sábẹ́ apá. Òfin iléeṣẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fipá mú wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé orí òun ni irin náà máa já lù, kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iná. Èmi náà ti dúró sábẹ́ Gàgàrà lọ́pọ̀ ìgbà. Gbogbo wa la ti dúró.

Ọ̀gá Ìbọn kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ìkà. Ó yìnbọn lu irin tó dà bí àyà Gàgàrà, ó sì rí i pé etí ilẹ̀kùn ni ọta ti ń rí ọ̀nà wọlé. Ó rí i pẹ̀lú pé bí a bá yọ ọ̀pá ilẹ̀kùn, àyè á wà níbẹ̀ láti kó ọta ìbọn púpọ̀ sí i fún Gàgàrà. Ó wá bá mi nídìí iṣẹ́.

"Bàbá, ẹ jó ilẹ̀kùn yẹn pa. Ẹ̀yìn lẹni tó ń wà á á máa gbà wọlé. Àwọn tó wà nílẹ̀ á máa fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì de ọ̀nà náà láti ìta."

"Tó bá ṣubú lójú ogun, ta ló máa tú bóòtù fún un?"

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti kú ńkọ́?"

Ó wò mí. "Bàbá, ogun là ń sọ yìí."

"Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn."

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ má bínú o. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ó dà bíi pé ẹkún ni ò jẹ́ kí ẹ rí ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí."

"Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, Ọ̀gá. Mi ò ní jó o."

Ó yíjú sí àwọn wẹ́dà tó kù, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó bọ́ síwájú. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹni tó dàgbà tẹ̀ lé mi ló béèrè ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn gbogbo wọn: bí òun bá jó ilẹ̀kùn náà pa, ibo lòun máa dúró lọ́jọ́ ìdánwò? Inú ni ewu ilẹ̀kùn wà, ìta sì ni wọ́n ti máa jó o.

"Àfi kó ní ìbejì," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí láti orí kiréènì. "Kí Táíwò máa jó o níta, kí Kẹ́hìndé jókòó sínú."

Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n fi ìbòjú iṣẹ́ wọn kọ́ ògiri. Ọ̀gá Ìbọn ní kò burú, òun á lọ mú wẹ́dà wá láti ibòmíì, ẹni tí kò mọ àṣà kankan. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń lọ aṣọ. Mo sọ bó ṣe lọ fún un. Kò gbé irin ìlọṣọ sílẹ̀.

"Bàbá Ẹnjiníà, ọmọ wa kọ́ ni ilẹ̀kùn o."

"Mo mọ̀."

"Bí wọ́n bá dí i, kò ní kú lẹ́ẹ̀kejì."

"Mo mọ̀. Ọmọ ẹlòmíì ló máa kú."

Ó lọ aṣọ náà tán, ó ká a, ó mú òmíràn. Nígbà tí mo ń múra ní àárọ̀, ó gbé ìgò omi ńlá kan sínú àpò mi.

"Inú irin máa ń gbóná," ló wí.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú gbogbo wọn. Mo gun àkàbà, mo wọ àyà Gàgàrà, mo sì fa ilẹ̀kùn dé. Àga náà há mọ́ mi nítorí wọn ò ṣe é fún ìbàdí àgbàlagbà. Ó ń rùn ọ̀dà àti òróró. Ojú kámẹ́rà ni mo ti ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń dé: àwọn èèyàn mi, Ọ̀gá Ìbọn, wẹ́dà àjèjì pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀, àti Sájẹ́ǹtì, obìnrin ológun tí wọ́n ti kọ́ láti máa wa Gàgàrà. Mo tẹ ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ."

Ariwo sọ nísàlẹ̀. Mo mu omi. Kò pẹ́ tí wẹ́dà àjèjì gun òkè, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Wẹ́dà bíi tìẹ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde kí n ṣiṣẹ́ mi."

"Ṣe iṣẹ́ rẹ. Ṣé mo dì ọ́ lọ́wọ́ mú ni?"

"Wọn ò sọ fún mi pé èèyàn máa wà nínú rẹ̀."

"Èèyàn ni wọ́n ṣe é fún."

Mo gbọ́ tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àkàbà, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá Ìbọn fúnra rẹ̀ ló gòkè tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Bàbá, mo lè pe sójà kí wọ́n wá fà yín jáde."

"Ẹ pè wọ́n. Inú ni ilẹ̀kùn yìí ti ń ṣí. Ẹni tó ṣe é ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Ọta tó bá gba etí rẹ̀ wọlé ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá pa máa wà lọ́rùn yín."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Mo ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀." Mi ò ṣí ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin. Sájẹ́ǹtì ti gun àkàbà kejì wá.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́."

"Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi mí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo máa jókòó síbẹ̀. Ọta lè tàsé. Iná tó bá ràn nínú àpótí tí wọ́n jó pa kì í tàsé."

"Àṣẹ ni, Sájẹ́ǹtì."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ pa á fún ẹlòmíì. Bí wọ́n bá dí ilẹ̀kùn yẹn, èmi ò ní wà á. Ẹ lè tì mí mọ́lé."

Kò sí ẹlòmíì. Gbogbo wa la mọ̀, Ọ̀gá Ìbọn ló sì mọ̀ ọ́n jù, torí òun ló yàn án. Ó dúró lórí àkàbà, ó ń fi ìka gbá etí ilẹ̀kùn, ó ń ronú. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn dù ú.

"A lè jó irin tó nípọn yí etí rẹ̀ ká," ó wí níkẹyìn. "Á wúwo. Ọta tó máa máa gbé á dín kù."

"Kó dín kù, sà," Sájẹ́ǹtì dáhùn.

"Ilẹ̀kùn á wà." Ó súnmọ́ ihò tí mo ti ń gbọ́ ọ. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, bàbá, òní ni ìparí yín níbí. Bí mo bá gbà fún yín, lọ́la gbogbo ẹni tí àṣẹ ò bá tẹ́ lọ́rùn á máa wọnú irin lọ jókòó."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," mo wí. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó kúrò nílé.

Mo fa ọ̀pá, ilẹ̀kùn ṣí, afẹ́fẹ́ wọlé. Ọ̀gá Ìbọn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo fi àga sílẹ̀ fún Sájẹ́ǹtì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó di ojú rẹ̀, kó fi ọwọ́ òsì wá ọ̀pá náà. Ó wá a tì, ọwọ́ rẹ̀ kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó tó rí i. Ó pẹ́ jù. Ẹni tí èéfín bá mú ò ní àkókò tó tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀," Ọ̀gá Ìbọn pè láti ìsàlẹ̀. "Mo ní ẹ ti parí iṣẹ́."

"Mo gbọ́ yín," mo dá a lóhùn. Mi ò kúrò níbi tí mo dúró sí. Mo ti ilẹ̀kùn padà.

"Tún un ṣe," mo wí fún Sájẹ́ǹtì.