Ọmọ Yín Ni, Sà

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mu omi."

Yorùbá ni Ayọ̀ladé, ọ̀kan lára àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń sáré, fi sọ ọ́, torí kóòṣì Ìbíkúnlé nìkan ló gbọ́ èdè náà lórí pápá. Oòrùn Dallas ti mú kí koríko onírọ́bà gbóná bí agbada orí iná. Ẹnì kan nínú wọn ló pẹ́ dé. Nítorí ẹ̀, Timothy, ọ̀gá àwọn kóòṣì, ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mumi títí gbogbo wọn á fi sáré tán.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ìbíkúnlé ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí bí wọ́n ṣe ń gbé irin kí ara wọn lè le. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ ti di ọ̀gá lé e lórí. "Ní sùúrù," ni àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ máa ń sọ fún un. Lọ́dún yìí, Timothy ṣèlérí pé òun á fi í ṣe olórí ẹ̀ka.

Ìbíkúnlé rí i pé Ayọ̀ladé kò làágùn mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ́. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí: ooru ti ń pa á lára. Ó bojú wo Timothy.

"Parí ẹ̀ ná," ni Ìbíkúnlé sọ fún ọmọ náà. "Ṣe bí ọkùnrin."

"Ó dáa, sà."

Kò sáré jìnnà kó tó ṣubú.

Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì bàjẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ̀rọ̀ dídùn: ọkàn wọn gbọgbẹ́, wọ́n ń gbàdúrà. Timothy ní ara ọmọ náà ò yá tẹ́lẹ̀, kò kàn sọ ni. Wọ́n bi Ìbíkúnlé bóyá òótọ́ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìbílọlá, ìyá ọmọ náà, sáré dé ọsibítù láti ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Grand Prairie. Opó ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ọmọ náà lé Ìbíkúnlé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì: "Ọmọ yín ni, sà. Tó bá ṣàìgbọràn, ẹ bá mi nà án." Ó kúnlẹ̀ báyìí níwájú Ìbíkúnlé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúpẹ́ pé ó dúró ti ọmọ òun.

Ó wá yíjú sí bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n ní o ò sọ fún wọn pé ara ẹ ò yá?"

"Mummy, I told him—"

"Má fi òyìnbó dá mi lóhùn! Ṣé àgbà á purọ́ mọ́ ẹ ni? O fẹ́ ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Bẹ̀ wọ́n!"

Ọmọ náà wo Ìbíkúnlé. Ìbíkúnlé ń wo bàtà ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ń kùn.

Ayọ̀ladé ò lè dìde dọ̀bálẹ̀. Ó tẹ orí ba.

"Ẹ má bínú, sà."

"Kò burú," ni Ìbíkúnlé wí. "Mo ti dárí jì ẹ́."