Ọjọ́ Tí Hàbíbátù Gbé Orin Mì

Ara Hàbíbátù ò balẹ̀ láti àárọ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún ìró ró, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ilẹ̀kùn. Ilé-iṣẹ́ sílípáàsì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni, láyé ìgbà tí ṣọ́jà ń ṣèjọba. Ọ̀gá Zacchaeus tó ń bójú tó iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgádágodo ti àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ mọ́lé láti ìta, ó ní wọ́n ń jí bàtà. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, fèrèsé onírin, ooru rọ́bà. Títí, àbúrò Hàbíbátù, ló sì wà ní ìdí ẹ̀rọ tó jìnnà sílẹ̀kùn jù, tòun ti oyún tó ti tó bí.

Orin ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé bàtà ò mọ ìyàtọ̀ ìka àti rọ́bà, ó ti gé ìka kan jẹ lọ́wọ́ Matilda, ọ̀kan nínú wọn. Àtìgbà náà làwọn obìnrin ti fẹnu kò: bí Hàbíbátù bá ń lé orin, kí wọ́n ki rọ́bà bọ ẹ̀rọ, bí wọ́n bá ń gbè é, kí wọ́n fa ọwọ́ yọ, kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ irin tó ń mú ẹ̀rọ gé e. Bí orin bá dákẹ́, kí kálukú dáwọ́ dúró.

Lọ́sàn-án, òórùn wáyà tó ń jó gba imú Hàbíbátù. Ó wòkè, kò rí iná. Ó wo Títí. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó lé orin dé ìdajì, ó gbé ìyókù mì.

Gbogbo ẹ̀rọ pa lọ́lọ́.

Ọ̀gá Zacchaeus sáré wá sójú fèrèsé, ó ní ta ló ní kí wọ́n dúró.

“Orin ló há, ọ̀gá,” ni Hàbíbátù wí. “Ẹ ṣílẹ̀kùn, á jáde.”

Ọ̀gá ní òun á lé e lọ sílé. Ó ní kí Matilda máa lé orin. Matilda fi ọwọ́ oníka mẹ́rin bo ọ̀fun, ó ní òtútù ti gba ohùn òun. Ọ̀gá kọjú sí Títí. Títí ní ọmọ inú òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, ta ni yóò bá òun rẹ̀ ẹ́ jàre? Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan irin. Níta, ọkọ̀ oníbàárà tó wá kó bàtà láti Ìpájà ti ń fun fèrè.

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn. Hàbíbátù na ọwọ́ gba àgádágodo.

“Ìyá Jàfárù, ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?” ni ọ̀gá bi Hàbíbátù.

“Mo gbà yín gbọ́ ṣá, ọ̀gá. Àgádágodo yìí ni mi ò gbà gbọ́.”

Ó so ó mọ́ etí ìró. Ó ní òun ń gbóòórùn wáyà tó ń jó, wọ́n wá a kàn lára fáànù òkè. Ìgbà tí wọ́n já a tán ló tó lanu kọrin:

Ilẹ̀kùn ṣí o, afẹ́fẹ́ wọlé,
Ìka mi pé, mo fi ń jẹun.

Matilda gbà á lẹ́nu rẹ̀:

Tèmi dín kan, mo fi ń jẹun.

Wọ́n gbè é, ẹsẹ̀ tẹ irin. Síbẹ̀, bí Hàbíbátù bá ti lé e tán, á bojú wẹ̀yìn, bóyá ilẹ̀kùn ṣì ṣí.