Èébì Àárọ̀ Bernice

Lọ́dún 1974, ẹnu mi fẹ̀ ju Malu Road lọ. Bernice, ọmọ mi, ń sáré ìje fún kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Bó bá ti gba ipò kìíní báyìí, gbogbo àdúgbò Boundary á ti gbọ́ lẹ́nu mi kó tó dọ̀sán.

Ó wálé lọ́jọ́ Túsìdeè. Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ni eré ńlá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó bì. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó tún bì. Kò jẹun, kò sùn, ó kàn ń rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Mo yọjú wo kòtò ọrùn rẹ̀: ó ń lù kì-kì-kì. Èmi tí mo bímọ mẹ́fà! Àwọn àgbà ní bí kòtò ọrùn obìnrin bá ti ń lù bẹ́ẹ̀, oyún ti dé nìyẹn.

Mo fi gèlè gbàdí, ó di ilé Monday, ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ìwọ lo fún un lóyún!"

"Mama, abeg! Ìwé lásán ni mo yá a!" Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti já sílẹ̀. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Bí eré bá ti kù dẹ̀dẹ̀ ló máa ń bì. Gbogbo wa la mọ̀."

Gbogbo wọn mọ̀. Èmi alágbàsọ ni mi ò mọ̀.

Mo délé, ìdí mi ò gba ìjókòó.

"Monday ní kì í ṣe oyún."

Bernice lajú sí mi. "Màmá, ẹ lọ bá a jà?"

"Mo já bọ́tìnnì ẹ̀ ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. "Àyà mi kì í yéé já, Màmá. Lánàá, mo dúró lórí afárá Ìjọra, mò ń wo omi. Mo ní bí mo bá kó sínú ẹ̀, mi ò ní sáré mọ́."

Mo gbá a mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

Ní Fúráídè, mo lọ bá Mísì Ọláìtán, ọ̀gá eléré wọn. "Bernice ò ní sáré lọ́la."

"Màmá, ilé-ìwé gbójú lé e o!"

"Kí ilé-ìwé lọ sáré fúnra ẹ̀."

Ní Sátidé, Bernice sùn títí oòrùn fi mú. Kò tán síbẹ̀ o. Fún oṣù mẹ́ta, nítorí afárá yẹn, bó bá ti jáde, èmi náà á wọ́ tẹ̀ lé e, tòun ti ìdí ràgàjì yìí.

"Màmá, ẹ padà sílé!"

"Ta ló ń tẹ̀ lé ọ? Mò ń nasẹ̀ ni."