Ìhà Tí Ọ̀gá Fẹ́ Gún

Bí Ọ̀gá Abẹ, àgbà oníṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn náà, bá ń bọ̀ ní yàrá àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, ìró bàtà rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé. Lọ́fínńdà á tẹ̀ lé e, ikùn á tẹ̀ lé lọ́fínńdà, kí ẹni tó ni ín tó yọjú. Àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á tò sẹ́yìn bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n á máa mi orí sí ohun tí kò tíì sọ.

Ata kì í dìde fún un. Dókítà obìnrin tó ń ṣàkóso yàrá náà ni Ata. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, wọn ò sì fi í pa mọ́ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àìsàn ti bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jà débi pé kò lè dá mí mọ́. Wọ́n ti ki rọ́bà sí i lọ́fun, ẹ̀rọ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Wọ́n sì ti dojú rẹ̀ bolẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀fóró a máa ṣí dáadáa béèyàn bá da ikùn délẹ̀. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe figbe ta lójijì. Atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ń já wálẹ̀, ètè rẹ̀ ń ṣú. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí wọ́n ní kó dúró sí, ìyàwó rẹ̀ ń pè é: "Bàbá wọn! Bàbá wọn o!"

"Ẹ ya àwòrán àyà rẹ̀ kíá!" ni Ọ̀gá Abẹ jágbe. "Kí lẹ ń wò?"

Ayàwòrán ti ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé, ó ki pátákó àwòrán sábẹ́ àyà gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó fẹ́ lẹ àmì tó ń fi ọ̀tún hàn yàtọ̀ sí òsì mọ́ ọn, Ọ̀gá tún pariwo lé e lórí, ayàwòrán bá pa àmì náà tì. Àwòrán yọ. Ìhà kan dúdú kirimú: atẹ́gùn ti jò kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó há sínú àyà, ó tẹ ẹ̀dọ̀fóró náà pẹlẹbẹ, ó sì ti ọkàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọn ò bá gún ìhà náà kí atẹ́gùn ọ̀hún jáde, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún ọkùnrin yìí.

"Ọ̀tún ni," Ọ̀gá wí, ó ti gba abẹ. "Afọ́jú gan-an á rí i."

"Ọ̀tún ni, sà," ni àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ dáhùn.

Ata wo àwòrán, ó wo ọkùnrin tó dojú bolẹ̀, ó fura. Àwọn tó dojú sókè ni wọ́n ń yà lójoojúmọ́ nínú yàrá yìí. Àtẹ̀yìn ni wọ́n ya eléyìí. Ẹ̀rọ ò mọ̀. Bó ṣe máa ń to àwòrán náà ló tò ó, bí wọn ò bá sì yí i padà, òsì á di ọ̀tún. Ọkàn tí atẹ́gùn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gan-an tún wá ṣe ẹlẹ́rìí èké, ó hàn lápá òsì níbi tí ọkàn máa ń wà: irọ́ náà bá ara mu délẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná. Àmì dà lórí àwòrán yìí?"

"Àmì kí ni? Ṣé o fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún mi hàn mí ni?"

"Rárá o, sà. Tiyín kọ́ ni wọ́n fẹ́ gún."

Nọ́ọ̀sì àgbà fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ata ti fa síkáànì rẹ̀ dé, èyí tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, ó da oje tútù sẹ́yìn gbẹ́nàgbẹ́nà.

"Èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún?" Ọ̀gá yíjú sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tí kò tíì yege ìdánwò.

"Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ," ni Ata wí, kò gbójú sókè. Ó gbé orí ẹ̀rọ náà lé ìhà ọ̀tún. Ìlà funfun kan hàn, ìyẹn etí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀, bí atẹ́gùn ti ń wọlé tó ń jáde. Ó gbé e lé òsì. Ìlà náà dúró gbagidi bí òpó tí a rì mọ́lẹ̀.

"Ọ̀tún ń mí. Òun nìkan ló kù tó ń mí. Ẹ gbé abẹ kúrò níbẹ̀, Ọ̀gá."

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Láti ìgbà tí o ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń gún àyà!"

"Mo gbọ́, sà. Mélòó ló dìde?"

Ọwọ́ Ọ̀gá há sófuurufú. Ó wo àwòrán ńlá, ó wo ẹ̀rọ kékeré, kò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́. Ata ò dúró dè é. Ó gba abẹ míì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fi ìka tọ egungun ìhà òsì lábẹ́ abíyá, ó gé e, ó ki ìka bọ̀ ọ́.

Ṣíììì! Atẹ́gùn tú jáde bíi ti táyà tí ìṣó wọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ gbé ohùn wálẹ̀, ètè gbẹ́nàgbẹ́nà padà pọ́n.

Ọ̀gá wú ikọ́. "Ẹ rí i," ó sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, "ìdí tí mo fi máa ń ní kí ẹ má kánjú nìyẹn." Kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú dá a lóhùn, ó ti ṣí aṣọ ìkélé, ó ti bọ́ sọ́dọ̀ obìnrin náà. "Ó ti yè é, mà."

Obìnrin náà di aṣọ Ọ̀gá mú. "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá mi! Ṣé ẹ̀yin lẹ gún un?"

"Àwa ni."

Àwa! Ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ bí agboòrùn: ẹni tí kò rà á náà lè sá sábẹ́ rẹ̀. Ata jáde tòun ti ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ, mà. Àwa méjèèjì ni. Èmi gún òsì tó fẹ́ pa ọkọ yín. Ọ̀tún tó ṣẹ́kù fún ọkọ yín láti fi mí ni Ọ̀gá fẹ́ gún. Ẹ wo ìbọ̀wọ́ wọn bó ṣe mọ́ tónítóní. Ohun tí wọn ò ṣe yẹn, ẹ dúpẹ́ rẹ̀ dáadáa."

Obìnrin náà wo ìbọ̀wọ́ Ọ̀gá. Ó jọ̀wọ́ aṣọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "ẹ yà lójú ọ̀nà. Ọkọ mi ni mo fẹ́ rí."